Àjẹsára Kọ́, Ìtújàánu Ni: Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Aró-Awọ

Oríṣi jẹjẹrẹ kan wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè aró dúdú fún awọ ara. Jẹjẹrẹ aró-awọ ni a dábàá fún un níhìn-ín. Lára ènìyàn dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ sí jù. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè lè pe àmì rẹ̀ ní ojú ẹ̀gún, títí àrùn náà yóò fi tàn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí ó bá tàn báyìí, ọ̀kan nínú ìtọ́jú rẹ̀ ni oògùn tí ń lo ọmọ-ogun ara. 'Àjẹsára' ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnu ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí abiyamọ ń gbé ọmọ lọ gbà kí àrùn tó dé ni àjẹsára. Aláìsàn tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ààbò lásán ni.

Ọmọ-ogun ara ní ìjánu, kí wọ́n má baà kọlu ara tí ń bọ́ wọn. Jẹjẹrẹ a sì máa fa ìjánu yìí láti fi gba ara rẹ̀ là. Ipilimumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, ń tú ìjánu CTLA-4. Nivolumab, ti 2014, ń tú PD-1. Ìmọ̀ yìí ni James Allison àti Tasuku Honjo fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Láti ara ì- + tú + ìjánu ni a ti rí ìtújàánu. Ẹni tí ó mọ ìkóra-ẹni-níjàánu ti mọ ìdajì rẹ̀.

Bí a bá wá lo méjèèjì ńkọ́? 'Àpòpọ̀' ń mú ni rántí àgbo inú ìkòkò kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fà wọ́n sí iṣan. 'Àlòpọ̀' ńkọ́? Kíláàsì kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín. Ìtújàánu-méjì tó.

Orúkọ náà kò fi ewu pamọ́: ẹṣin tí a tú ìjánu rẹ̀ lè tẹ olówó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí kan lórí aláìsàn 945, lẹ́yìn ọdún 10, 43 nínú 100 àwọn tí ó gba méjèèjì ṣì wà láàyè. Ti nivolumab nìkan jẹ́ 37, ti ipilimumab nìkan 19. Ṣùgbọ́n ju ìdajì àwọn tí ó gba méjèèjì ni oògùn náà pa lára gidigidi, ní ìfun, ní ẹ̀dọ̀, àti níbòmíràn. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ kì í sì í sábà gbọ́ oògùn wọ̀nyí tó ti awọ tí oòrùn bàjẹ́. Ògbufọ̀ tí ó bá wí fún ará Ìdànrè pé àjẹsára ni, ó ti gba ohun tí ó yẹ kí ẹni náà gbé yẹ̀ wò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.