Ta Ló Ń Lo Wáì-Fáì Yín?

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ugbowo, lẹ́bàá Yunifásítì Benin. Àwọn oníbàárà máa ń tọrọ ọ̀rọ̀ìpamọ́ wáì-fáì wa. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀, mà. Ráútà ló so gbogbo ẹ̀rọ yín pọ̀. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lè wá ọ̀nà dé orí kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ìpamọ́ alábòójútó tó bá ráútà wá padà, nítorí irú rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ẹ yan ààbò WPA3, tó jáde ní 2018. Bí kò bá sí, kí ẹ lo WPA2. Ẹ pa WPS, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń so mọ́ ráútà láìtẹ ọ̀rọ̀ìpamọ́, nítorí nọ́ńbà oní-díjíìtì 8 rẹ̀ kò ṣòro láti já. Ẹ ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò fún àwọn oníbàárà, kí tiyín wà lọ́tọ̀, kí ẹ má sì lẹ ọ̀rọ̀ìpamọ́ tiyín mọ́ ògiri.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí ẹni tó gba ìsọfúnni oníbàárà dáàbò bò ó.