Títọrọ Ìrànwọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ: Ìkíni àti Àpèjúwe

Ní Ọ̀fà, bí ó ti rí níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ a máa kọ́kọ́ kí oníṣẹ́ pé 'Ẹ kú iṣẹ́ o' kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Ṣùgbọ́n ní Stack Overflow, tí a dá sílẹ̀ ní 2008 fún ìbéèrè àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ìlànà ni pé kí ìkíni àti ọpẹ́ má ṣe sí nínú ìbéèrè. Èyí kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò tún ka ìbéèrè kan náà lẹ́yìn-ọ̀la. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Gbogbonìṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀fà bá rí i pé a pa ìkíni òun rẹ́, ó lè rò pé a tàbùkù òun. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú èdè. 'Kò ṣiṣẹ́' kò tó àpèjúwe. Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀:

(i) kò tàn: iná kò wọ inú ẹ̀rọ rárá;
(ii) ó ń kú: ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pa lójijì;
(iii) ó dì: iná wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ mọ́.

Oníbéèrè tí ó bá sọ èyí tí ó jẹ́, tí ó sì fi ohun tí ó ti gbìyànjú kún un, kò ní í gba orúkọ ọ̀lẹ. Ojúṣe olùdáhùn náà wà níbẹ̀: abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá lé e padà.