Ọ̀pá Tí A Fi Na Ìyálé: Ìṣirò Èrè àti Gbèsè Olórí Ọlọ́wọ́ Líle

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ kíláàsì kejì ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, gbogbo ohun tí ẹ ń wí nípa ilé ìgbìmọ̀ àti ilé ẹjọ́ yìí dára nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi bá ń kó ẹrù lọ sí ọjà, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́nà àìtọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ wa nílò ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí yóò tẹ gbogbo wọn lórí ba." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un: ọmọ Nàìjíríà pàtẹ́wọ́, ọmọ Gánà pàtẹ́wọ́, ọmọ Tógò àti ọmọ Sàró náà kò gbẹ́yìn.

N kò bá a wí, nítorí pé ìyà tí ń jẹ bàbá rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Mo kàn sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà ní láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kí ó sì mọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Mo wá mú orílẹ̀-èdè kan tí ó jìnnà sí wa, kí ó má baà sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò máa gbèjà olórí rẹ̀ bí ẹni ń gbèjà ọmọ ìyá rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà ni Perú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìṣirò tí a jọ ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ohun tí ó mú wọn yàn án

Ní 1990, ojú ń pọ́n àwọn ará Perú gidigidi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan tí à ń pè ní Sendero Luminoso, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọ̀nà Tí Ó Mọ́lẹ̀, ti gbé ohun ìjà. Olùkọ́ yunifásítì kan, Abimael Guzmán, ni olórí wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ogun wọn ni pé wọ́n sun àpótí ìdìbò ní abúlé Chuschi, ní agbègbè Ayacucho. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pa olórí abúlé, àgbẹ̀ àti olùkọ́. Bí àwọn sójà bá sì dé láti lé wọn, àwọn náà a máa pa nínú àwọn àgbẹ̀ kan náà, wọ́n a ní wọ́n ń fi ọlọ̀tẹ̀ pamọ́ sílé.

Ọ̀wọ́n-gógó tún dé bá wọn. Ohun tí ènìyàn rà ní owó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, kí ọdún náà tó parí, ó ti ju owó 70 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra gàárì lọ́jà, ẹ fi ojú inú wo èyí.

Nígbà náà ni Alberto Fujimori jáde. Ọmọ àwọn ará Japan tí wọ́n ṣí wá sí Perú ni. Olùkọ́ ni òun náà, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Lima, olú-ìlú wọn. Ó ń gun katakata kiri láti tọrọ ìbò, ó sì ń ṣèlérí òtítọ́ àti iṣẹ́ àṣekára. Ẹni tí ó bá a du ipò náà ni Mario Vargas Llosa, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ, tí ó sọ fún àwọn ènìyàn pé ìwòsàn ọrọ̀ ajé wọn yóò korò. Fujimori ní òun kò ní fún wọn ní irú oògùn kíkorò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1990, ó wọlé. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí: kò fi ìbọn gba ìjọba. Ìbò ni wọ́n fi gbé e dé ibẹ̀.

Apá ọ̀tún: èrè

Kò pẹ́ tí ó gorí oyè, ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí ó fi fún wọn ní oògùn kíkorò tí ó ní òun kò ní fún wọn. Owó ọjà fò sókè ní òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n oògùn náà ṣiṣẹ́. Ní 1991, ohun tí a rà ní owó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò tó owó méjì àti ààbọ̀ ní òpin rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1995, ohun tí a rà ní owó 10 kò ju nǹkan bí owó 11 lọ kí ọdún tó yípo.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1992, ó pàṣẹ pé kí wọ́n ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pa, ó pa ìwé òfin ilẹ̀ náà tì, ó sì lé ọ̀pọ̀ adájọ́ kúrò. Ó ní àwọn ni wọ́n ń dí òun lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìlú sì yọ̀, gẹ́gẹ́ bí kíláàsì mi ti pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ọwọ́ tẹ Guzmán, agbára àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ. Ní 1995, wọ́n tún yan Fujimori pẹ̀lú ìbò tí ó ju 60 lọ nínú 100.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kéré èrè wọ̀nyí. Ìyá tí kò lè sùn nítorí bọ́ǹbù, tí ó wá sùn dọ́jọ́ kejì, kò ní gbàgbé ẹni tí ó rò pé ó fún òun ní oorun náà.

Ta ni ó ni èrè náà?

Ṣùgbọ́n olùṣirò tí ó mọṣẹ́ kì í kọ owó Táyé sí ìwé Kẹ́hìndé. Àwọn wo ni wọ́n mú Guzmán? Ọ̀wọ́ ọlọ́pàá kékeré kan ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1990, nígbà tí Fujimori kò tíì di ààrẹ. Àwọn wọ̀nyí kò fi ìbọn wá a. Wọ́n ń tọ àwọn ènìyàn lẹ́yìn ní jẹ́jẹ́, wọ́n ń ṣọ́ ilé, wọ́n sì ń tú pàǹtí tí wọ́n dà síta láti ilé kan ní Surquillo, ní Lima, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ní ìsàlẹ̀. Láti inú pàǹtí yìí ni wọ́n ti rí àmì pé ẹlòmíràn ń gbé ní òkè ilé náà. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n mú un láìpa ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n-gógó ńkọ́? Fujimori ni ó ṣe ìpinnu yẹn, ìyìn rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún rẹ̀. Láàárín 1990 àti 1991 ni ó ti rọlẹ̀ jù, nígbà tí ilé aṣòfin ṣì wà ní ṣíṣí. Nítorí náà, irúgbìn èrè méjèèjì yìí ti wà nínú ilẹ̀ kí ó tó wó ọgbà oko lulẹ̀.

Apá òsì: gbèsè

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1992, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ju bọ́ǹbù ní òpópónà Tarata ní Lima, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 20 lọ. Ìbínú ru bo ìlú. Ní ọjọ́ 18, àwọn sójà ọ̀wọ́ ìkọ̀kọ̀ kan tí à ń pè ní Grupo Colina wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Cantuta lóru. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án àti olùkọ́ kan lọ, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì sin wọ́n ní ìkọ̀kọ̀. Ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí La Cantuta jẹ́? Yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Àwọn tí wọ́n kó lọ lóru yẹn ń kọ́ iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń kọ́. Nígbà tí mo dé ibí yìí nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí ó tún pàtẹ́wọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí ó ṣáájú, ọ̀wọ́ sójà kan náà ti pa ènìyàn 15 níbi àríyá kan ní Barrios Altos, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan sì wà nínú wọn. Ta ni àwọn òbí wọn ìbá ké pè? Wọ́n ti lé àwọn adájọ́ kan, àwọn tí ó kù sì ń bẹ̀rù. Ní 1995, ilé aṣòfin tuntun ṣe òfin ìdáríjì fún àwọn sójà. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀pá tí àwọn ará Lima fi lé ààrẹ lọ́wọ́ láti na ọlọ̀tẹ̀ kò padà sí àjà mọ́.

Láti 1996 títí dé 2000, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ mọ́ fún obìnrin tí ó ju 200,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà láti ìgbèríko tí ń sọ èdè Quechua, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì jẹ́rìí pé àwọn kò fi ọwọ́ sí i tinútinú. Ní 1997, adájọ́ mẹ́ta sọ pé òfin kò fún Fujimori láàyè láti du ipò náà nígbà kẹta. Wọ́n lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, wọ́n fi fídíò kan hàn ní gbangba. Vladimiro Montesinos, igbákejì ìkọ̀kọ̀ fún Fujimori nínú ọ̀rọ̀ ààbò, ni ó ń ka owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún aṣòfin kan. Ẹ rántí bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin wa àti ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní Perú, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò kú. Ó gun òkè lọ sí ibi tí ojú kò ti lè tó o. Ní oṣù kọkànlá, Fujimori wà ní Japan, láti ibẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀rọ fáàsì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 25 nítorí La Cantuta àti Barrios Altos. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024.

Ìdájọ́ ìṣirò wa

Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí òtítọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2003. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 69,000 ènìyàn ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n sọnù láàárín 1980 àti 2000. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n pa jù, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́rin tí ó kú, mẹ́ta ni kì í ṣe èdè Sípéènì ni wọ́n bá láhọ́n ìyá wọn. Èyí fi hàn wá pé àwọn tí ó san gbèsè jù kì í ṣe àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ ní olú-ìlú.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Perú ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Fujimori, n kò sì ní pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ohun tí mo kà lójú mi ni pé èrè olórí ọlọ́wọ́ líle a máa tètè dé, gbangba ni a sì ń ná an; gbèsè rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé, ẹni tí kò sí níbi ìnáwó ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sìn ní i.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin wa wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Sà, kí ni kí bàbá mi wá ṣe?" N kò ní ìdáhùn kíákíá fún un. Mo ní kí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, nígbà tí ẹni tí ó ní ọwọ́ òun le bá wá tọrọ ìbò, kí wọ́n gbọ́ ìlérí rẹ̀ tán, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣẹ̀, ta ni yóò mú yín?" Bí kò bá rí èsì fún un, kí wọ́n mú ìbò wọn padà sílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú àwọn èrè tí a kà sílẹ̀, èwo ni ó ṣeé ṣe láìti ilé aṣòfin pa? Sọ ìdí rẹ̀.
2. Kí ni ìdí tí inú ọ̀pọ̀ ará Perú fi dùn ní oṣù kẹrin ọdún 1992? Má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú ìdáhùn rẹ.
3. Ní orílẹ̀-èdè tìrẹ, ta ni ó lè mú olórí bí ó bá ṣẹ̀? Kí ni ó ń fún ẹni náà lágbára, kí ni ó sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?