Ìdílé àti Ibùdó Ìgbafẹ́: Ǹjẹ́ Èrè Rẹ̀ Tó Owó Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tó máa ń fa awuyewuye nínú ilé nígbàkigbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé gígùn. Àwọn ọmọ á ní kí wọ́n mú àwọn lọ sí etí òkun. Ìyá á ní láti January ni òun ti wà nídìí ààrò, ó tó kí òun náà sinmi. Bàbá á dákẹ́, owó ilé ìwé oṣù September ló ń rò. Àwa tí a kò tíì níyàwó tàbí lọ́kọ kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wo àwòrán tọkọtaya tuntun létí òkun lórí fóònù, tí ọkàn wa sì ń sọ pé ìgbéyàwó tí kò bá dé irú ibẹ̀ kò pé.

Nítorí náà, ó yẹ kí a bi ara wa: owó tí ìdílé ń kó lọ sí ibùdó ìgbafẹ́, ṣé ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ tó o? A kò ní fi ìlara dáhùn, a kò sì ní fi fáàrí dáhùn. Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, ní orí 25, ẹsẹ 67, yin àwọn tí kì í ná ìná àpà, tí wọn kì í sì í háwọ́. Àárín méjèèjì yẹn ni a fẹ́ wá.

1. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Nígbà tí Èkó di oko fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlú wọn ló di ilé tí wọ́n ń lọ sinmi. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń kún fọ́fọ́ ní Òṣòdì nígbà tí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìdílé tó bá lọ sílé fún un kò sanwó bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ rí ìyá àgbà, wọ́n mọ ẹbí, wọ́n rí ẹṣin, wọ́n jẹ ẹran. Ìsinmi ìdílé nìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ ní adágún omi ìwẹ̀.

Ibùdó ìgbafẹ́ tí a ń sanwó wọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1936, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Butlin ṣí ọ̀kan sí Skegness ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó rí kó tó dá a sílẹ̀ ni pé àwọn onílé tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sí létí òkun máa ń lé wọn síta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òjò ì báà máa rọ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ á wá máa rìn kiri nínú òtútù. Butlin kọ́ ibi tí ìdílé lè wà láti àárọ̀ dalẹ́, tí oúnjẹ wà, tí eré ọmọdé wà. Ìlérí rẹ̀ sì ni pé owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni òṣìṣẹ́ yóò fi sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí ìsinmi tí wọn kò ní yọ owó òṣìṣẹ́ sí. Ní ilẹ̀ tiwa náà, òfin iṣẹ́ fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá léraléra ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, kí owó rẹ̀ sì pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n Butlin yẹn wọn tiwa. Ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi 85,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Tí a bá ṣírò ti ọdún kan, tí a pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ti ọ̀sẹ̀ kan kò tó 20,000 náírà. Kò sí ibùdó ìgbafẹ́ létí òkun Èkó tí yóò fi iye yẹn gba ẹnì kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú oúnjẹ, ká má tíì sọ ti ìdílé. Ohun tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ níbòmíràn, ọwọ́ àwọn tí owó wọn pọ̀ ló bọ́ sí níbí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn tó ni ibùdó nìkan. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán-tòru, tó gbẹ́ kànga, tó tún gba ọlọ́dẹ, gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé apá kan nínú owó wa ń lọ sínú díísù, kì í ṣe sínú ìgbafẹ́.

2. Kí gan-an ni a ń rà?

Ibùdó ìgbafẹ́ kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Èkó. La Campagne Tropicana, tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ ní 1984, wà ní Ikegun ní Ìbẹ̀jú-Lekki, níbi tí òkun, omi àti igbó ti pàdé. Whispering Palms wà ní Ìwòrò lọ́nà Àgbádárìgì. Ibi tó fani mọ́ra ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sanwó síbikíbi, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò mẹ́ta.

Èkínní ni ìṣirò àkókò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtura, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń gba àlejò wọlé, aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ń ní kó jáde. Wákàtí 22 nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́jọ fún oorun, ó ku 14. Ẹ yọ ti oúnjẹ, ti wíwẹ ọmọ, ti títú ẹrù àti dídì í padà, ó lè má ju mẹ́sàn-án lọ. Láti Ire-Àkárí dé Ìbẹ̀jú-Lekki, gbogbo Èkó la máa là kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà sì lè gba wákàtí bíi mélòó kan ní àlọ àti àbọ̀.

Èkejì ni ìṣirò gbogbo owó, kì í ṣe owó yàrá nìkan. Oúnjẹ ẹni kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, epo ọkọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ tuntun tí a rà nítorí fọ́tò wà níbẹ̀. Owó orí VAT jẹ́ 7,500 náírà lórí 100,000. Ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àpapọ̀ owó sí wákàtí mẹ́sàn-án yẹn, ẹ ó rí iye tí ẹ̀ ń ra wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta ni kí a béèrè ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní Obudu, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ṣe ọkọ̀ tó ń fi okùn gba ojú ọ̀run gòkè ní 2005. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró láìṣiṣẹ́. Ẹni tó ti Èkó lọ nítorí rẹ̀ lásìkò yẹn, òkè nìkan ló rí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpolówó lè pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ.

3. Ìgbà tó tọ́ sí owó rẹ̀

Lójú tiwa, ìgbà mẹ́ta ni owó ibùdó ìgbafẹ́ kì í ṣe àpà.

(a) Nígbà tí ìyá ilé bá máa sinmi ní tòótọ́. Bí ẹlòmíràn bá se oúnjẹ, tí ẹlòmíràn fọ abọ́, tí ẹlòmíràn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tí owó náà rà fún un kò sí nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó tún gbé sítóòfù àti ìkòkò lọ láti máa dáná níbẹ̀, ilé ìdáná nìkan ló pààrọ̀.

(b) Nígbà tí ẹbí tó fọ́nká bá fẹ́ péjọ. Bí àwọn òbí bá wá láti ìlú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wá láti ibi tí oníkálukú ń gbé, tí kò sí ilé kan tó gbà wọ́n, kí wọ́n dáwó jọ gba ibì kan kò burú rárá. Ìdè ẹbí ni wọ́n ń so.

(d) Nígbà tí owó náà kò bá jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Owó ilé ìwé ti wà nílẹ̀, owó ilé ti wà nílẹ̀, a kò jẹ gbèsè, ìrànwọ́ àwọn òbí wa kò dúró. Ẹni tó bá ń dá àjọ 2,000 náírà lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 50 yóò ní 100,000. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dunni ná, nítorí ó ti mọ ibi tó ń lọ.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, kí a rò ó dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò mọ ìyàtọ̀ láàrin iyanrìn etí òkun àti iyanrìn tí bíríkìlà dà síwájú ilé. Bàbá tó máa jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó sì yá owó elélèé lórí fóònù láti fi ṣe ìgbafẹ́, ó ra ọjọ́ méjì, ó fi ìfọ̀kànbalẹ̀ oṣù púpọ̀ san án. Èlé sì jẹ́ hàráàmù fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń múra ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Kò sí ohun tó burú nínú kí tọkọtaya lọ síbi tí àwọn nìkan wà fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé látibẹ̀, tí ẹ kò rí owó ra ìrẹsì, ìjà àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí arákùnrin sọ iye tó ní, kí arábìnrin má sì fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wé e.

4. Ọ̀nà tó sún mọ́ wa

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ire-Àkárí, ìmọ̀ràn wa ni pé ìjáde ọjọ́ kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, sàn ju alẹ́ kan ní ibùdó olówó ńlá lọ. Owó bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì ni ohun tí àwọn ọmọ kì í rántí.

Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ igbó tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78 láàrin ìlú. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 sì wà níbẹ̀. Ní Àgbádárìgì, a lè rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, kí a sì sọ ìtàn òwò ẹrú fún àwọn ọmọ níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2024, ń gbé èèyàn láti Òṣòdì lọ sí Oyingbo. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Ebute-Metta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbéra láti ọdún 2021. Ó ń dúró ní Abẹ́òkúta, níbi tí Òkúta Olúmọ wà, tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1830. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn náà wà fún ẹni tó bá lọ dé òpin. Ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìgbafẹ́ fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ìjáde ọjọ́ kan rọjú nítorí pé oúnjẹ wa la gbé lọ. Ta ló jí ní aago mẹ́rin òru láti se ìrẹsì àti móínmóín sínú kúlà? Owó tí a fi pamọ́, ẹnì kan ló fi oorun rẹ̀ san án. Ẹ̀yin arákùnrin, ìwà Ànọ́bì Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni láti máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ gé àlùbọ́sà, ẹ gbé kúlà, ẹ fọ abọ́ nígbà tí ẹ bá dé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló gbafẹ́ àfi ẹnì kan.

5. Kí a tó jáde nílé

Ẹ béèrè bóyá ibi ìrun wà, bóyá ọtí ń ṣàn níbi tí ọmọ máa jókòó, bóyá àkókò ọ̀tọ̀ wà fún obìnrin ní adágún omi. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè, owó wa la fẹ́ ná. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá jìnnà tó bí sharia ti sọ lè dín ìrun ràkáà mẹ́rin kù sí méjì, ṣùgbọ́n kò lè tìtorí ìgbafẹ́ pa ìrun tì. Etí òkun Èkó ní ìgbì tó ń fa èèyàn lọ, pàápàá lásìkò òjò June àti July. Kí ọmọ má wọ inú rẹ̀, kí àgbà tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà má wọ̀ ọ́.

Orúkọ àdúgbò wa ni Ire-Àkárí, ìyẹn ire tó kárí gbogbo èèyàn. Kí a fi orúkọ náà ṣe òṣùwọ̀n. Bí owó ìgbafẹ́ bá kárí bàbá, ìyá, ọmọ, àti onígbèsè tó ń dúró dè wá, kí a ná an pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí èrè wà nínú ohun tí èèyàn ná fún ìdílé rẹ̀. Bí kò bá kárí, kí a dín in kù títí yóò fi kárí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni Butlin ṣèlérí fún òṣìṣẹ́? Kí ló mú kí irú rẹ̀ ṣòro ní Èkó?
2. Nínú wákàtí 22, mélòó ni ìdílé ń lò fún ìgbafẹ́ gan-an?
3. Dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí owó ibùdó ìgbafẹ́ kì í ṣe àpà. Ṣé ẹ gbà, tàbí ẹ ní ẹ̀kẹrin?
4. Nínú ilé yín, ta ni kì í sinmi nígbà ọlidé? Kí lẹ lè ṣe sí i ṣáájú ọlidé tó ń bọ̀?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní hàláàlì tó máa tó wa ná, kó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ná an. Àmín.