Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Owó Ìjọba, Ẹ̀bùn Ni Tàbí Ẹ̀yáwó?



Nígbà kan lẹ́yìn ìpàdé, ìyá oníṣòwò kan láti Mushin na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ bá mi wo èyí. Ta ló ń yọ owó mi?" Mo wò ó. Owó tí màmá gbà nígbà àrùn Kòrónà ni wọ́n ń gbà padà, láti inú àkáǹtì tí ó fi ń ta ata, kì í ṣe èyí tí owó náà kọ́kọ́ wọ̀. Màmá ní, "Ṣebí owó ìjọba ni?" Kì í ṣe màmá nìkan ló rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni. Àgbẹ̀ kò rí ọkọ̀ kó tòmátì wá sí Mile 12 bó ṣe yẹ, àwa tí à ń tà ní Yábàá àti Surulere sì ń fi owó ọjà jẹun. Ìjọba wá gbé owó ìrànwọ́ jáde. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni.

Èkíní ni ẹ̀bùn. Nínú Survival Fund ọdún 2020, oníṣẹ́ ọwọ́ gba 30,000 náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bákan náà ni 50,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣòwò kékeré ní ọdún 2024. Kò sí dídá padà.

Èkejì ni ẹ̀yáwó. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀, tí wọ́n pè ní Targeted Credit Facility. Ìdílé kan lè béèrè tó mílíọ̀nù 3 náírà. Èlé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dún: ẹni tó gba 200,000, èlé ọdún kan jẹ́ 10,000. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìsinmi ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ìsinmi yìí gan-an ló tan àwọn kan jẹ. Nígbà tí ọdún yí po tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Àwọn àgbẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2015 ni Anchor Borrowers' Programme bẹ̀rẹ̀ sí yá wọn ní irúgbìn àti ajílẹ̀, kí wọ́n san án nígbà ìkórè. Ọ̀pọ̀ pè é ní ìpín tiwọn, wọn kò san án.

Ẹ gbọ́ o: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2020, òfin Báǹkì Àpapọ̀ gba báǹkì tí a jẹ ní gbèsè láàyè láti gba owó orí àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì wa ní báǹkì mìíràn. BVN ló so gbogbo wọn pọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù:

1. Ẹ wo orúkọ owó náà. Bí ẹ bá rí "grant", ẹ̀bùn ni. Bí ẹ bá rí "loan" tàbí "credit", ẹ̀yáwó ni.
2. Ẹ béèrè iye èlé, ọjọ́ tí sísan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí.
3. Ẹ tọ́jú ìwé àdéhùn sí ilé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó gbé e wá fún mi kí ó tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè, kí ó má sá. Èmi àti màmá jọ lọ sí báǹkì, a gba àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀, wọ́n sì gbà kí ó máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó ń san án, ọjà rẹ̀ kò sì kú.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìbéèrè fún ìpàdé tó ń bọ̀: Ta ló gba owó kan nígbà Kòrónà láàárín wa? Kí ó mú ìwé rẹ̀ dání, kí á jọ kà á.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́