Ẹ̀kọ́ Lára Gbohùngbohùn

Nígbà èwe wa ní Ìdí-Arère, ẹni tí ó bá ń bá ará Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù a máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà mìíràn tí ń padà bọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ iwin, gbohùngbohùn ni. Láti ibùdó Lánlátẹ̀ ni ohùn ti ń gòkè lọ bá sátẹ́láìtì, nǹkan bí 36,000 kìlómítà, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sí òkè òkun. Níbi tí wáyà mẹ́rin ti di méjì lọ́hùn-ún, díẹ̀ nínú rẹ̀ a ta padà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Báwo ni a ṣe ń ṣẹ́gun rẹ̀? Ẹ̀rọ a kọ́kọ́ sọ ohùn di nọ́ńbà: ìgbà 8,000 ni ó ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú ipele 256. Lẹ́yìn èyí, a pa ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí a sọ mọ́, a ṣírò bí gbohùngbohùn rẹ̀ yóò ti rí, a sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó padà wá. Ohùn ẹnì kejì ni yóò kù. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ìṣirò a fẹ́ dàrú. Ẹ̀rọ a sì dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró títí ẹnì kan yóò fi dákẹ́.

Àwa tí a ti ń parí ìjà tọkọtaya mọ èyí dájú: gbohùngbohùn ara wa ni a sábà máa ń gbọ́, tí a ó sì pè é ní ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohùn ara wa, kí a lè gbọ́ ti ọmọnìkejì.