Ọmọ Oníkọ́ Fée: Kí Ló Ń Dá A Padà sí Ilé Ìwòsàn?



Ọmọ kan wà ní ilé kéú wa tí wọ́n sáré gbé lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́rin. Bí èémí rẹ̀ bá ti padà sípò, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á kó òògùn tì. A bi ìyá rẹ̀. Ó ní: "Àfáà, ara rẹ̀ ṣáà ti yá, kí ló tún fẹ́ lo òògùn fún?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ni ikọ́ fée? Àìsàn tí ó ń mú kí inú ọ̀nà èémí wú ni. Bí eruku, òtútù tàbí èéfín bá kàn án, iṣan ọ̀nà náà á fún pọ̀, èémí á máa dún fée. Òògùn ilé ìwòsàn á tú iṣan náà, ọmọ á sì mí. Ṣùgbọ́n wíwú inú rẹ̀ kì í lọ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, bí dókítà bá fún ọmọ ní òògùn oníhóró tí yóò lò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó lò ó tán. Kí a sì mú un padà lọ fún àyẹ̀wò láàrin ọjọ́ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti ń sáré kiri.

Ínhélà pín sí oríṣi méjì tí ó yẹ kí á mọ̀. Èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí salbutamol wà nínú rẹ̀, ń tú èémí lójú ẹsẹ̀. Èkejì, tí ó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búráùn, ni à ń lò lójoojúmọ́ kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí á tó rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń pa á tì. Àwọn mìíràn ní yóò di bárakú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ọmọ ṣáà fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn tí ó bá lò ó, kí ó sì tu omi náà dànù.

Ọmọdé kì í lè fa òògùn náà dáadáa láìsí sípésà, ìyẹn ike tí à ń fi sí ẹnu ínhélà. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn dókítà ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, fi ìwádìí hàn pé ike omi 500 ml, tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu ínhélà tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí i yíká, ṣiṣẹ́ bíi ti inú ṣọ́ọ̀bù. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wo bí ọmọ ṣe ń lò ó.

Èyí tí ó kan àwa gan-an ni tùràrí. A fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n èéfín ni, kò sì yàtọ̀ sí ti sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú àyà ọmọ yìí. Ẹní wa pàápàá, ojú àwọn ọmọ ni a ti ń gbọn eruku rẹ̀ tẹ́lẹ̀! A ti jáwọ́.

Ẹ ní kí dókítà kọ ètò ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀: èyí tí yóò lò lójoojúmọ́, èyí tí yóò lò bí ó bá dé, àti ìgbà tí a ó gbé e wá. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olùkọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé ìwòsàn o. Bí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, bí ẹran ìhà rẹ̀ bá ń wọ inú, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí tí ínhélà búlúù kò bá ràn án, ẹ má ṣe dúró de bàbá rẹ̀ kí ó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fún un ní ínhélà náà lọ́nà.